Akọ́lé Tún Ṣubú Lórí Windows

Ìgbà kọkànlá rèé láti àárọ̀ tí Akọ́lé ń ṣubú lórí Windows, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú Nimotallahi débi pé èébú ti tán lẹ́nu rẹ̀. Akọ́lé ni irinṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ. Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà á gbé kóòdù rẹ̀ fún un, Akọ́lé á sì kọ́ ọ di ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux. Lórí Mac, ó yege. Lórí Linux, ó yege. Windows nìkan ló gbé ìjà kò ó.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pé. Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá ní Ring Road, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ gba Akọ́lé wọlé, ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí àtúnṣe ti Windows náà kò bá dé ọwọ́ òun kí aago mẹ́rin Jímọ́ọ̀ tó lù, irinṣẹ́ àwọn òyìnbó lòun ń padà sí. Jímọ́ọ̀ ọ̀hún la wà yìí.

Ohun tó tún wá ń múnú bí i jù ni pé kì í ṣubú nígbà gbogbo. Bó bá yí ìlà kan padà, tó dán an wò lójú ẹsẹ̀, Akọ́lé á ní òun ò rí ohun tó yí padà, á sì gbé ètò àtijọ́ kalẹ̀ fún un. Bó bá wá fìbínú dìde, tó lọ jẹun lọ́jà Bódìjà tó sì padà, ohun kan náà á yege wẹ́rẹ́. Ta ni èèyàn fẹ́ sọ fún pé kí irinṣẹ́ òun tó lè ṣiṣẹ́, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yó?

Ó gbójú sókè wo aago inú kọ̀ǹpútà náà. Mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Ó tán," ó ní. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Alhaji Mánsúrù gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Àwọn ló ni ọ́fíìsì náà, àwọn náà ló sì ni kọ̀ǹpútà Windows tí Nimotallahi fi ń ṣe ìdánwò.

"Kí ló tán?"

"Mẹ́rin ti kọjá, Alhaji."

"Mẹ́rin wo? Èmi tí mi ò tíì ṣe àlùwàlá!" Alhaji rẹ́rìn-ín. "Má dá aago yẹn lóhùn jàre. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sún un síwájú, kí Alásárì má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì."

Nimotallahi káwọ́ lérí. Aago ara fáìlì ni Akọ́lé máa ń wò. Bí kóòdù bá jẹ́ tuntun ju ètò tó ti kọ́ lọ, á tún un kọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ètò tó bá sì kọ́ lórí kọ̀ǹpútà Alhaji, aago tí kò tíì dé ló ń kọ sí i lára. Àtúnṣe tí Nimotallahi bá ṣe lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, tí aago rẹ̀ tọ́, á wá dà bí ohun àtijọ́, àfi bó bá fi nǹkan bí ìdajì wákàtí jẹun.

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaji! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú Windows!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o máa bú u ni?"

Ó kù ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó nawọ́ sí aago náà láti dá a padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró. Aago ilé ìyá rẹ̀ ní Àgbowó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá, kí àwọn ọmọ má baà pẹ́ dé iléèwé, ọmọ tó kẹ́yìn sì ti ṣe ìgbéyàwó. Bó bá tún aago Alhaji ṣe, ta ni yóò bá a tún ti gbogbo Ìbàdàn ṣe?

Ó fi aago sílẹ̀, ó kọjú sí Akọ́lé. Ó ti kọ ọ̀nà mìíràn sínú rẹ̀ tipẹ́, èyí tó ń yẹ inú fáìlì wò dípò aago, àmọ́ ó pa á tì torí pé ó ń falẹ̀ díẹ̀. Ó tan án. Ó yí ìlà kan padà, ó dán an wò lójú ẹsẹ̀ láìdìde lórí àga. Ó yege. Ó tún un ṣe. Ó yege. Mac yege, Linux yege. Ó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá nígbà tí fóònù rẹ̀ ń sọ pé mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Èsì dé kíá: "A rí i. Ó mà ṣe o, mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbí."

Ó pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, aago wo lẹ̀ ń wò?"

"Ti ara ògiri ọ́fíìsì."

"Ẹ dákun, ẹ wo ti fóònù yín."

Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá wo ti fóònù. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "A máa ń sún un síwájú ni, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà máa pẹ́ dé. A sún ti àwọn kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Àbí ìyẹn máa da irinṣẹ́ rẹ láàmú?"

Nimotallahi wo Alhaji, tí wọ́n ti gbé kẹ́tùlù àlùwàlá dání lọ́nà ẹ̀yìnkùlé.

"Rárá, sà," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kan aago yín."