Àwo Ìjánu Tó Ń Dán

Ìyàwó kan wà. Nígbà yẹn, Màmá tó bí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé wọn ṣì wà láyé pẹ̀lú, ọkọ fúnra rẹ̀ kò sì tíì máa tiro.

Búrẹ́dì ni ọkọ ń fi kẹ̀kẹ́ pín kiri. Lásìkò òjò, bó bá fi máa wọlé, ẹrẹ̀ á ti bo kẹ̀kẹ́ pátápátá. Ìyàwó ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ ló kọ́ ọ: kó da omi tó mọ́ sí àwo irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín táyà, èyí tí ìjánu ń fún mọ́ra kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, kó sì fi aṣọ tí kò mọ ọ́ìlì rí nù ún gbẹ.

"Ìyàwó, ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kàn án. Ọwọ́ tó o fi jẹun pàápàá ò gbọdọ̀ kàn án."

"Háà, Bùọ̀dá, ṣé ọmọ ọba ni?"

Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í tán lára irin bọ̀rọ̀. Ìjánu náà ń ké kíkankíkan, igbe yẹn sì ń dun Màmá lọ́kàn. Láyé tiwọn, irin tó bá ń ké, ebi ọ́ìlì ló ń pa á; bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó lọ pọnmi. Màmá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ọ́ìlì ṣéènì, wọ́n fi pa àwo náà níwá lẹ́yìn.

Nígbà tí ìyàwó dé, ọkọ ti gun kẹ̀kẹ́ jáde. Màmá ń nu ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti fún un lóúnjẹ. Kò ní dà wá láàmú mọ́."

Korobá já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Ó sáré, ó ń pariwo, "Bàbá Ọmọ! Má sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn!" Ọkọ ti wà lágbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó fún ìjánu, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti mú àwo yọ̀, ìjánu ò dì í mú. Èèyàn pọ̀ ní oríta nísàlẹ̀. Ògiri ló yà sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Lẹ́bàá ibùsùn ọkọ, Màmá fi ìka tọ́ka sí ìyàwó. "Kí lo fọ̀? Ọ̀lẹ! O fẹ́ pa mí lọ́mọ!"

Bùọ̀dá ti rí ọ́ìlì lára àwo náà, ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ méjì ni Màmá ti sin. Ta ló máa sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀kẹta lọ?

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jẹ oúnjẹ ìyàwó mọ́. Wọ́n ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀lẹ ni. Bùọ̀dá ti sọ òótọ́ fún ọkọ. Bí ọkọ bá ní, "Jẹ́ kí n sọ fún wọn," ìyàwó á ní, "Wọn ò ní sùn mọ́ láé. Fi sílẹ̀, orí mi gbà á." Orí gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ń dùn ún. Ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, ó máa ń sunkún.

Ọ̀sán ni lọ́jọ́ tí Màmá máa kú. Wọ́n wo ọmọ wọn.

"Ta ló ń fọ kẹ̀kẹ́ ẹ báyìí?"

Ọkọ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó, tó ṣì ń fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ náà, mi orí pé kó má sọ ọ́.

"Bùọ̀dá ni, Màámi," ọkọ dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá wí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọn ò sì mí mọ́.