Ilẹ̀kùn Píkọ́ọ̀pù Oyèwùmí

Ọ̀sán gangan ni Sirajudeen gbé òòlù ńlá lé èjìká, tó gba ọ̀nà Ìjokò lọ, láti lọ fọ́ iṣẹ́ ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Kò fi aṣọ bo òòlù, kò gba ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Bí inú bá ń bí ọkùnrin yẹn, kì í yọ́ rìn. Àwọn tó ń ta páìpù àlòkù lẹ́bàá títì kí i, kò dáhùn. Tírélà kan tó ru ọ̀pá irin bọ̀ láti ilé iṣẹ́ tẹ họ́ọ̀nù mọ́ ọn lẹ́yìn, kò yà. Dẹ́rẹ́bà ló yà fún un, ó sì bú u dáadáa kó tó kọjá.

Bí ẹ bá ń gbé Sango tí ẹ ò mọ Sirajudeen, a jẹ́ pé ọkọ̀ yín ò tíì forí gbá nǹkan rí. Ojú Rúlà ni gbogbo ọgbà mẹ́káníìkì ń pè é. Pánẹ́lì-bítà ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń na ara ọkọ̀ tó rún. Kì í lo tépù. Á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á di ojú kan, á ní, "Ó fi ìka kan yẹ̀ sápá ọ̀tún." Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ìka kan náà ni. Ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn yòókù ní kí wọ́n gbé lọ fún àwọn onírin àlòkù, òun ló máa gé irin tuntun fún un, á lù ú, á tẹ̀ ẹ́, á jó o pọ̀, títí ọlọ́kọ̀ á fi máa ya fọ́tò rẹ̀ kiri.

Àmọ́ ojú náà ti ń já a kulẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Iná wẹ́dà tó fi ojú lásán wò nígbà ọ̀dọ́ ti padà wá gbẹ̀san. Etí irin kan á di méjì, á sì di dandan kó yan ọ̀kan. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún dókítà, kò sọ fún imáàmù. Ojú ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí Sango bá wá gbọ́ pé Ojú Rúlà ò ríran, kí ló kù tó fẹ́ máa jẹ́? Kàkà kí wọ́n gbọ́, kí ilẹ̀ gbé òun mì.

Píkọ́ọ̀pù Oyèwùmí ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Tíṣà yunifásítì ni Oyèwùmí. Pijó àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń ru pákó láti Ìtèlé ló gbé wá, ó ní kí wọ́n gé òrùlé rẹ̀ kúrú, kí wọ́n fẹ ìhà rẹ̀, kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tuntun sí i, irú èyí tí ẹnì kankan ò ní. Sirajudeen ṣe apá òsì tán, férémù àti ilẹ̀kùn. Oyèwùmí wá wò ó. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó rìn sẹ́yìn, ó wò ó pẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀." Ọ̀dọ̀ Adérógbà ló fà á lọ.

Ẹ sinmi díẹ̀ kẹ̀? Ìwọ̀sí wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Adérógbà yìí, ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sirajudeen kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Lọ́dún tó gbẹ̀yìn, Sirajudeen ń wá òòlù kékeré lórí tábìlì lọ́jọ́ kan, ó ń fọwọ́ táràrà, Adérógbà kàn gbé e sí i lọ́wọ́, kò sì wò ó lójú. Sirajudeen ò gbàgbé. Adérógbà nìkan ló lè mọ̀. Adérógbà ló ti lọ tú àṣírí fún Oyèwùmí kó lè gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ṣe rò ó nìyẹn, ó sì rò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bó ṣe wọ ọgbà Adérógbà lọ́sàn-án yẹn, Adérógbà dọ̀bálẹ̀ nínú èérún irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù náà. "Ẹ káàsán, Ọ̀gá."

"Dìde. Kí lo sọ fún Oyèwùmí nípa mi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, Ọ̀gá."

"Irọ́ lò ń pa."

Òòlù ti gbéra kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Iná iwájú píkọ́ọ̀pù lọ, gíláàsì ta sí wọn lára. Èkejì bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí Adérógbà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì lù títí ó fi yọ ikùn dáadáa. Ó wọnú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sirajudeen ń lù, ó ń bú u, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun bọ́ ọ lóúnjẹ, ó sì gé òun níka jẹ. Kí n má parọ́ fún yín, ó ń dùn mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí òòlù bá ti bà ló ń tù ú lára.

Títílọlá, ìyàwó Adérógbà, tó ń fọ́n ọ̀dà fún wọn, sáré jáde láti abẹ́ tapólì pẹ̀lú ọ̀pá jáàkì. Obìnrin yẹn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó fi gbá Sirajudeen lẹ́yìn, eegun dún. Sirajudeen yí padà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lójú, obìnrin náà ṣubú sáàárín agolo ọ̀dà, ìpéǹpéjú rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bo ojú kan. "Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ fà á," Sirajudeen ń sọ, "ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ fà á," kò sì dájú ẹni tó ń bá wí.

Adérógbà lágbára jù ú lọ dáadáa. Bó bá dì í mú, ìjà parí. Àmọ́ ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù kì í na ọwọ́ sí ọ̀gá, àní bí ọ̀gá bá ń ṣe wèrè. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ dìde, ó padà wá fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn òsì, ó na apá méjèèjì, ó di etí òrùlé mú.

"Ẹ lù mí, Ọ̀gá. Ẹ fọ́ gbogbo ibi yòókù. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí."

Ibi tó ń dùn ún nìyẹn, Sirajudeen rò ó lọ́kàn, ibẹ̀ gan-an ni màá bà jẹ́. Kò fẹ́ lu Adérógbà, Ọlọ́run ló mọ̀. Etí òrùlé tó kọjá ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Òógùn, eruku, oòrùn lórí irin: etí kan di méjì. Ó yan ọ̀kan, bó ṣe ti ń yàn án láti ọdún méjì. Ó gbé òòlù sókè pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù, ó là á mọ́ ọn.

Ohùn irin kọ́ ló gbọ́.

Adérógbà ò ké. Ó kàn ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà kọ́kọ́ dúró lókè lórí irin kó tó tẹ̀ lé e bọ̀. Ìka mẹ́ta ti di pẹlẹbẹ. Títílọlá ló ké, gbogbo gíráíńdà tó wà nínú ọgbà sì dákẹ́.

Wọ́n ya lu Sirajudeen. Wẹ́dà wá, fọganáísà wá, àwọn oníwáyà wá. Pákó bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, bẹ́líìtì fáànù là á lójú, ẹnì kan fa bùbá rẹ̀ ya dé ìdí. Ọmọ tó tó bí lọ́mọ gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ìkà àgbàlagbà ni, pé ó ṣẹ́ ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́ kó má baà ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó lè dá wọn dúró. "Mi ò rí i." Bó bá sọ ọ́, wọn ò ní pè é ní ìkà mọ́, wọ́n á máa pè é ní afọ́jú. Ó pa ẹnu dé, ó jẹ́ kí wọ́n máa lù ú. Ẹ ò rí orí kunkun?

Ìpàá kan gbé e lu píkọ́ọ̀pù. Ó fọwọ́ dì í mú kó má baà ṣubú, ìka rẹ̀ sì bọ́ sójú ibi tí ilẹ̀kùn òsì àti férémù ti pàdé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni, ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lókè, ó ṣe déédéé. Bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló ń yọ síta, nígbà tó fi máa dé ìdí, ó ti yẹ̀. Ìka kan gbáko. Ohun tí Oyèwùmí rìn sẹ́yìn tó ń wò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní láti lọ sọ fún un.

Kí ló dé tí Adérógbà ò gé e dànù? Pẹ̀lú gáàsì, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Sirajudeen rá gba iwájú ọkọ̀ kọjá, wọ́n ń gbá a nípàá, ó dé ilẹ̀kùn ọ̀tún tí Adérógbà ṣe, ó ki ìka sójú ibi tó ti pàdé. Lókè, déédéé. Nísàlẹ̀, ìka kan. Ibi kan náà, ìwọ̀n kan náà. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ ni èyí, ó jó o dán, kò sí gọ́ńgọ́ kan lára rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tirẹ̀ wọ́ kó lè bá ti ọ̀gá rẹ̀ mu. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù náà á ní bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, pé ìhà rẹ̀ ló fẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀." Adérógbà ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi gèlè Títílọlá wé ọwọ́ rẹ̀. "Jáàkì ló yọ̀ lù mí lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó tó ogún èèyàn tó fojú ara wọn rí i. Ẹnì kan ju pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Títílọlá tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Máa parọ́ fún un lọ," ló ní. "Ó ti mọ́ ọ lára."

Sirajudeen di ilẹ̀kùn ọ̀tún mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. "Jáàkì kọ́," ó ní, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Èmi ni. Irin ni mo lù, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀. Ojú mi ti lọ. Ó ti di ọdún méjì."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá," Adérógbà dáhùn.

Sirajudeen tẹ̀ lé ohùn náà, ó na ọwọ́ síwájú, gíláàsì ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀, títí ó fi kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ya sí i lójú. Ọwọ́ mẹ́rin ló rí níbi tí méjì wà, gbogbo rẹ̀ sì pupa.

"Èwo ni?" ó bi í. "Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Adérógbà wo ọwọ́ tí gèlè bò, bí ẹni tó tún fẹ́ wá irọ́ kan sí i.

"Ọ̀tún ni, Ọ̀gá."