Ìlà Funfun ní Títì Ìjàgbó

2.

…kòtò gan-an ló ń dáàbò bo àwọn ọmọ. Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, ta ló fẹ́ sáré? Wọ́n wá da ọ̀dà tuntun sí títì tó ti Ìjàgbó wọ Ọ̀fà, wọn ò fa ìlà kankan sí i. Ni gbogbo ọlọ́kọ̀ bá ń fò.

3.

Ràfátù ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà létí títì náà. Òun ló gbé Olúwafikáyọ̀mi, ọ̀kan nínú wọn, nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kadà gbá a. Ẹsẹ̀ ọmọ kán. Ọmọ ò kú.

Ràfátù ní òun ò ní jókòó de èyí tó máa kú.

4. LÁRA GÉÈTÌ

Ẹ̀YIN ÒBÍ, A Ó FA ÌLÀ SÓJÚ TÍTÌ LỌ́JỌ́ SÁTIDÉ. ẸNI TÓ NÍ BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ, KÓ MÚ UN WÁ. ẸNI TÍ KÒ NÍ, KÓ GBÉ ARA Ẹ̀ WÁ.

5.

▬▬▬▬▬▬



▬▬▬▬▬▬


▬▬▬▬▬▬

▬▬▬▬▬▬
▬▬▬▬▬▬

Bí wọ́n ṣe fà á nìyẹn. Ó jìnnà síra lápá Ìjàgbó, ó ń sún mọ́ra bí ó ṣe ń dé géètì. Bí ìlà ṣe ń yára kọjá lábẹ́ ọkọ̀, awakọ̀ á rò pé eré òun ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá bíréèkì lọ.

6. Àlàbí, ọlọ́kadà tó gbá ọmọ náà, dúró níwájú géètì.

ÀLÀBÍ: Ẹ kú iṣẹ́, mà.

RÀFÁTÙ: O rọra wá lónìí.

ÀLÀBÍ: Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ bíréèkì. Ó dà bíi pé ilẹ̀ ló ń sáré bọ̀ wá bá mi.

RÀFÁTÙ: Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

ÀLÀBÍ: Ká ní ìlà yìí ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mà…

RÀFÁTÙ: Kò sí níbẹ̀. Ìwọ ló wà níbẹ̀.

7. LÓRÍ FÓÒNÙ RÀFÁTÙ

*Madam, ẹ ò gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó kun títì ìjọba. A ń bọ̀ wá pa á rẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìbráhìm, ọ́fíìsì tó ń bójú tó títì.*

8. ÈSÌ

*Ẹ máa bọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, apá Ìjàgbó ni kẹ́ ẹ gbà wá.*

9.

Ọjọ́ Ajé. Ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tó gbé ọ̀dà dúdú ń sáré bọ̀ láti Ìjàgbó. Ó kan ìlà àkọ́kọ́. Ó kan èkejì. Imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé géètì, ó ti dúró pátá. Ràfátù na ọwọ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá.

10.

ÌBRÁHÌM: Ta ló ní kó o dúró?

AWAKỌ̀: Mi ò mọ̀, sà.

11.

Ìbráhìm ò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá pa ìlà kankan rẹ́.