Ẹ Kú Ewu Àtẹ̀gùn

Ilé ìjọba tí à ń wí yìí ga débi pé bí ẹyin bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lókè téńté rẹ̀, yóò ti di òròmọdìẹ, yóò ti di àkùkọ, yóò sì ti kọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀. Ìjọba kọ́ ọ fún tálákà, wọ́n fi lífítì sí i, lífítì náà sì ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ya fọ́tò tán. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń gùn ún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn náà láìní irùngbọ̀n, á nílò abẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àtẹ̀gùn yìí ní olówó orí. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Àtẹ̀gùn, àwọn géńdé tó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹni tó rà á kò jẹ́ jẹ́wọ́, ẹni tí kò rà á kò jẹ́ wò ó. Jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò pariwo rí láyé rẹ̀. Àmọ́ tó bá fi ohùn kékeré yẹn sọ pé "ẹ jọ̀ọ́", àwọn ọkùnrin tí iṣan wọn tó okùn ọkọ̀ ojú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí.

Inú ilé yìí ni Àǹtí Kí-ló-fà-á ti ń ṣiṣẹ́. Yunifásítì ló rán an wá. Ó ń kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń gbé pọ̀, ohun tó ń sọ tálákà di tálákà, àti ohun tó ń sọ ọmọ dáadáa di jàǹdùkú. Tó bá kà á tán, wọ́n á máa pè é ní dókítà, bẹ́ẹ̀ kò ní lè wo ibà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fi "kí ló fà á" sí nídìí. Bí o bá sín níwájú rẹ̀, á ní kí ló fà á. Ohun tó mú kí àwọn ará ilé fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó mọ èèyàn kí, ó sì ti búra pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún òun, inú òun ni yóò kú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ ní àjà kẹsàn-án. Opó ni obìnrin náà, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ló ń rán. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà débi pé abẹ́rẹ́ ń jó láàárín ìka rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ. Bí mi ò bá sọ ọ́, àyà mi á bẹ́. Bí ìwọ náà bá sì tún un sọ, òkú mi lo máa wá bá."

"Màmá, ẹ mọ̀ mí."

"Wọ́n fi ọ̀bẹ gún Jẹ́jẹ́ ní ìhà lánàá. Àwọn jàǹdùkú ilé òdìkejì ni. Gẹdú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ló pọ̀n ọ́n wá síbí. Wọn ò lè lọ sí ọsibítù nítorí ọlọ́pàá, ni wọ́n bá ní kí n rán ojú ọgbẹ́ náà. Òwú tí mo fi ń rán ṣòkòtò ni mo fi rán an, ọmọ mi. Kò ké. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tí mo so ìdí òwú tán, ó ní, 'Màmá, àwa mẹ́ta la mọ̀. Bí ẹnì kẹrin bá mọ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe Gẹdú.'"

Àǹtí di ọwọ́ ìyá náà mú títí gbígbọ̀n rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó tún búra. Ó kó àpò rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé mi ò gbọ́, mi ò gbọ́, mi ò gbọ́.

Ní àjà kẹta, ó pàdé Jẹ́jẹ́.

Gẹdú wà níwájú, ọkùnrin tó tóbi débi pé bí ó bá wọ yàrá, àga ló máa ń jáde fún un. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù ńlá kan, ó fi ọwọ́ òsì di irin àtẹ̀gùn mú. Ìyá tó bí Àǹtí ti fi ìkíni kọ́ ọ láti kékeré. Nílé wọn, ọmọ tó bá gbàgbé ìkíni, oúnjẹ alẹ́ á gbàgbé òun náà. Bí orí rẹ̀ ṣe ń wí pé má sọ̀rọ̀, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Ẹ kú ewu o, ọ̀gá."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, bí ìgbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ ìkíni yìí. A kì í fi kí ẹni tó sùn tó jí. Ẹni tó bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dànù tó jáde láàyè, àti ẹni tí ikú fọwọ́ kàn tó yẹ̀ ẹ́.

Jẹ́jẹ́ dúró. Gẹdú dúró. Ó jọ pé eṣinṣin tó ń fò níbẹ̀ náà dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Ewu wo, Àǹtí?"

Ahọ́n Àǹtí gbẹ bíi kànrìnkàn tó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí òrùlé. "Ewu... ewu àtẹ̀gùn ni, ọ̀gá. Àtẹ̀gùn yìí. Ó ga, ó ṣókùnkùn, ó ń yọ̀. Ẹni tó bá gùn ún tí kò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣé kò yẹ ká kí i ni? Bí mo ṣe máa ń kí gbogbo ilé nìyẹn."

"Gbogbo ilé?"

"Gbogbo ilé, ọ̀gá."

"Ó dùn mọ́ mi," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ kí gbogbo ilé."

Ni wọ́n bá ń gòkè. Ní àjà kẹrin, Gẹdú kan ilẹ̀kùn Bàbá Dẹ́rẹ́bà, arúgbó tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ariwo ẹ́ńjìnnì fi jẹ etí rẹ̀ kan. Jẹ́jẹ́ farapamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣẹ́jú sí Àǹtí.

"Ẹ kú ewu àtẹ̀gùn o, bàbá."

"Háà, ewu iná kì í pa àwòdì, ọmọ mi," ni bàbá dáhùn láì ronú rárá. "A kú u o. Ìwọ náà kú u."

Ọkàn Àǹtí tó ti já sí ìsàlẹ̀ ilé fò padà gòkè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ tẹ̀ síwájú.

Ní àjà kẹfà, Ìyá Ìbejì ṣí ilẹ̀kùn, ọṣẹ ìfọṣọ hó dé ìgúnpá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló tẹrí ba. "Màmá, ẹ kú oríire ẹja tó ra bàtà o."

"Ó ṣeun o, ọ̀gá wa, a dúpẹ́ o," ni Ìyá Ìbejì wí kíákíá. "Tiyín náà á kàn láyọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ilé tó ń bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹja tó ra kí ni?"

Gẹdú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì.

"Ṣé ẹ gbọ́, Àǹtí?" ni Jẹ́jẹ́ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. "Àwa èèyàn yìí, kò sí ohun tí wọ́n kí wa tí a ò ní jẹ́. Ìdáhùn wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ewu bá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ nìkan ni ewu máa há lọ́nà ọ̀fun. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni yẹn lọ."

Àǹtí mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń lọ kàn. Kò lè sá, nítorí Gẹdú ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí ń wò ó lọ́kàn bí ẹni ń wo fíìmù: Ìyá Aránṣọ á ṣílẹ̀kùn, á gbọ́ "ewu", á dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà á sì pa á. Ọ̀nà wo ni èèyàn lè gbà kí i tí kò ní pa á? Kò rí ọ̀kan. Nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nítorí pé iṣẹ́ ojú náà ló wá ṣe nínú ilé yẹn. Ó ń wo ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́.

Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ń bọ̀ láti àjà kẹsàn-án. Gẹdú kan ilẹ̀kùn, ìró náà sì dákẹ́. Ìyá Aránṣọ yọjú, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kí i," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá."

"Rárá o, Àǹtí. Ti àtẹ̀gùn."

"Ẹ kú..." Omi ti lé sójú Àǹtí. "Ẹ kú ewu àtẹ̀gùn, màmá."

Ìyá Aránṣọ la ẹnu. Ohunkóhun kò jáde. Ó ń wo Àǹtí, ó ń wo Jẹ́jẹ́, ó tún ń wo Àǹtí, okùn ìwọnṣọ sì ń yọ̀ bọ́ lọ́rùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ mi orí lẹ́ẹ̀kan. Gẹdú tẹ̀ síwájú.

"Ojú mi ni," ni Àǹtí wí. "Ọ̀gá, ojú mi ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

"Kí lojú yín rí?"

"Kóòtù lẹ wọ̀, nínú ooru tó lè yan ẹran. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa ń fi di irin àtẹ̀gùn mú láti ọjọ́ tí mo ti ń wá síbí, ọwọ́ òsì ni lónìí. Gẹdú máa ń wà lẹ́yìn yín, iwájú ló wà nígbà tí mo pàdé yín, kẹ́ ẹ lè rí èjìká rẹ̀ dì mú. Nígbà tí a dé àjà kẹjọ nísinsìnyí, ẹ dúró, ẹ ń ka ara ògiri. Ọ̀rọ̀ rírùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀gá, ẹ sì kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Ẹni tí egungun ìhà ń dùn ló ń rìn báyìí. Mo rí kóòtù àti ọwọ́ náà, ẹnu mi sì kí yín kí n tó ronú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́ àtẹ̀gùn fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Òótọ́ ni èyí, ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló tú àṣírí. "Bí ẹ̀yin bá rí i," ló wí, "ilé òdìkejì náà á rí i." Ó yíjú sí ìyá. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

Ìyá Aránṣọ ti rí ẹnu ọ̀nà kékeré tí Àǹtí ṣí fún un, ó sì gba ibẹ̀ wọlé tipátipá. "Ọ̀gá, ẹ kó ara yín dí ẹnu ọ̀nà mi bí ẹni wá gbé òkú, ẹ wá ń wí fún mi pé ẹ kú, ẹ kú. Mo rò pé èmi lẹ ní kó kú ni. Mo ṣì ń wò ó bóyá kí n jẹ́ tàbí kí n bẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó di ìhà rẹ̀ mú, ó tẹ̀ kòlòbà, ojú rẹ̀ di eérú. Gẹdú gbé e jókòó sórí àga tí ìyá ń jókòó rán aṣọ. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ rí èémí mí, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wo òwú yín bóyá ó já." Ọwọ́ ìyá kò gbọ̀n nígbà tó ń ṣí kóòtù náà. Àǹtí sì mọ̀ pé ìyá náà ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

"Àǹtí," ni Jẹ́jẹ́ wí láì yíjú, "ẹnu yín ò ṣẹ̀ mí. Ojú yín ló ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá sílé yìí mọ́. Gẹdú á sìn yín."

Gbogbo iṣẹ́ tó ti ń ṣe níbẹ̀ bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí. Àtẹ̀gùn tó gùn ju ayé lọ, ó sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ bí ẹni jábọ́.

Ó rò pé ẹnu ọ̀nà ìta ni Gẹdú máa sìn ín dé. Gẹdú bá a wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó tì í, ó gba àyè èèyàn mẹ́ta, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀ fún un. Àǹtí sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀ tirẹ̀, Gẹdú sọ̀kalẹ̀. Àǹtí wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń fọwọ́ kan bàtà tí kò ní rà. Gẹdú dúró níta pẹ̀lú àpò obìnrin léjìká, kò kánjú. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, kò sí ibòmíì tó kù láti lọ ju ilé.

Ìyá Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbálẹ̀. "Ta lẹni yìí?"

Kí Àǹtí tó la ẹnu, Gẹdú ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káalẹ́, màmá."

Inú ìyá dùn dé eyín ọgbọ́n. "Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n tọ́ ẹ. Dìde, jọ̀ọ́. Wọlé wá mu omi."

"Ẹ má ṣèyọnu, màmá. Ọ̀gá mi ló ní kí n wá mọ ibi tí ojú àǹtí ń sùn."

"Ọ̀gá rẹ?" Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó fi ojú bú u tìfẹ́tìfẹ́ pé ìwọ, o ò sọ fún mi. "Ṣé ó ti níyàwó?"

"Rárá, màmá."

"Ṣé onísùúrù ni?"

"Jẹ́jẹ́ ni, màmá."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wọlé," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ.

"Dúró ná, àbí ojú ń tì ẹ́ ni?" Ìyá yíjú sí Gẹdú. "Sọ fún ọ̀gá rẹ kó máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbàkígbà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kó gbà o, ti iwájú yìí máa ń há. Ti ẹ̀yìn, a kì í tì í."

Gẹdú gbé àpò náà lé Àǹtí lọ́wọ́, ó sì rọra rìn yí ilé náà ká láti lọ wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.