Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi

Látìgbà tí àrùn yìí ti ń jí òkú dìde ní Ìbàràpá, tí eku ò ké bí eku mọ́, òfin kan ṣoṣo ló kù ní Ìdèrè. Ẹni tó bá ti ìta dé, ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá dáhùn, àdá ló kàn. Àwọn òkú yìí kì í ṣe àkúdààyà. Àkúdààyà a máa sọ̀rọ̀, a máa ná ọjà. Àwọn wọ̀nyí kì í dáni lóhùn, ẹni tí wọ́n bá sì gé jẹ yóò di ọ̀kan lára wọn.

Ọkùnrin ló ṣòfin yẹn, ó dá mi lójú. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ?

Tàófíìk ọkọ mi ti kú. Àwa mẹ́ta la kù: èmi, Àmírà ọmọ mi, àti ìyá ọkọ mi tó lọ wú ẹ̀gẹ́ tá a máa jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, ó dúró lẹ́yìn géètì onírin, kò sọ nǹkan kan.

Mo pe Màámi, pe Màámi, kò dáhùn. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nílé yẹn. A ti jà lórí iyọ̀, a ti jà lórí ìgbálẹ̀, síbẹ̀ n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá pè é tí kò dáhùn, ọwọ́ mi ni yóò kú sí.

"Àpèkẹ́."

Ó gbójú sókè. "Ìyá Àmírà, èmi lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mú kí n tó rí ibi tí wọ́n ti gé e jẹ ní apá. Ó ní òun fẹ́ dákẹ́ kí n tètè fi àdá parí rẹ̀, orúkọ tí mo pè ló bí òun nínú tí òun fi dáhùn. Ó ti ẹ̀gẹ́ náà gba abẹ́ géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó ní kí n máa pe òun. Ìgbà tí òun ò bá bínú mọ́, kí n má jẹ́ kí Àmírà rí òun.

Mo ń pè é, ó ń bú mi. N kò mọ̀ pé èébú lè dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn ń pòṣé ni. Nígbà tí ìrun àlàásárì tó, kò pòṣé mọ́.

Òfin ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ó yíjú sí mi, ó ń fi eyín wá ọwọ́ mi láàárín irin.

Mo ti Àmírà mọ́ yàrá. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi kú ìrọ̀lẹ́, mo gbé àdá, mo ṣí géètì.