Sikánà Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

"Ẹ̀rọ tó máa tan èmi Akínọ̀ṣọ́ jẹ, wọn ò tíì rọ irin rẹ̀!"

Bí Akínọ̀ṣọ́ Ọdúnjọ ṣe bú ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ṣọ́ọ̀bù Tìjání ní Ajah, obìnrin kan tó ń ra ṣájà lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà kíá, ó rò pé ìjà ti dé. Ìjà kọ́. Ayafótò ni Akínọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Addo Road, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Sikánà ló wá rà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ onígíláàsì pẹrẹsẹ tí wọ́n ń da ojú fótò dé kó lè gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà. Kì í sì í ṣe sikánà kan ṣáá. Ọ̀gá wọn ló ń wá.

Ìdí abájọ kò fara sin. Látìgbà tí tọmọdé tàgbà ti ń fi fóònù ya ara wọn, kò sẹ́ni tó ń wá jókòó síwájú kámẹ́rà Akínọ̀ṣọ́ mọ́, àfi àwọn tó ń wá pásípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n Ìjọ Orísun Àánú, àwọn aláṣọ funfun tó wà ní Awoyaya, ti ránṣẹ́ pè é. Fótò kan ṣoṣo ló kù tí Bàbá Olùdásílẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lọ́jọ́ ìrántí. Bí Akínọ̀ṣọ́ bá ṣe é re, àpótí ńlá tí gbogbo fótò ìjọ látayébáyé wà nínú rẹ̀ di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe é tì, ó di ìdí pásípọ́ọ̀tù.

Tìjání gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, tínínrín bí búrẹ́dì tí wọ́n gé.

"Ọ̀gá Akin, èyí ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi sọ bó ṣe ń ríran tó lára páálí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju nọ́ńbà fóònù lọ."

"Tìjání, àbùlà ni nọ́ńbà yẹn! Bí ẹlẹ́mu ṣe ń bomi sí ẹmu ni kọ̀ǹpútà ń bomi sí fótò kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Iye tí ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ rí ni mò ń bi ọ́."

"Ha! Ọ̀gá, ẹ má tú mi fó lójú oníbàárà."

Akínọ̀ṣọ́ yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbìǹgbìn, ó gbé e lé gíláàsì ẹ̀rọ tínínrín náà. Nígbà tí àwòrán jáde, kọ́kọ́rọ́ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì hàn, àwọn tó gbé sókè di kurukuru bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọbẹ̀ tó ń hó. Ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn, èyí tó nípọn, tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Gbogbo eyín kọ́kọ́rọ́ ló yọ, tòun ti ìpẹtà ara wọn.

"Ṣó o rí i? Fótò àtijọ́ kì í tẹ́. Ó ti ká bí ewé gbígbẹ. Ẹ̀rọ tí kò bá lè rí ohun tó gbé sókè, ààbọ̀ Bàbá Olùdásílẹ̀ ló máa gbé fún mi."

Obìnrin oníṣájà pàtẹ́wọ́. Akínọ̀ṣọ́ tẹrí ba fún un bí ẹni tó wà lórí pèpéle, ó sanwó, ó gbé ẹ̀rọ onípọn náà lérí, ó lọ.

Fótò Bàbá kì í jáde kúrò nínú ilé àdúrà, nítorí náà sikánà ló bá fótò lọ sí Awoyaya. Akínọ̀ṣọ́ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu gíláàsì rẹ̀ títí ó fi ń dán gbinrin. Wòlíì Ọládayọ̀, olórí ìjọ náà, ọkùnrin gíga tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, wá dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ tuntun ni, àbí?"

"Tuntun ni, Wòlíì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já a nínú páálí ni."

"Ohun tuntun kan kì í ṣiṣẹ́ níbí láìjẹ́ pé a yà á sí mímọ́. Mọ́tò ni o, àga ni o. Ẹ bá mi bu omi àdúrà wá!"

Akínọ̀ṣọ́ fò, ó da ara bo sikánà bí adìyẹ tó ń sàba. "Ẹ jọ̀ọ́, Wòlíì! Iná mànàmáná ni! Bí omi bá kàn án, á kú, èmi náà á sì bá a lọ."

"Òróró ńkọ́?"

Akínọ̀ṣọ́ rò ó. Òróró tí wọ́n fi kan orí ìdérí, kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbà. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Akínọ̀ṣọ́ sì ń ṣe "Àmín" ju àwọn ọmọ ìjọ lọ. Ojú tí wọn ò tíì rọ ẹ̀rọ tó máa tàn án jẹ wà ní dídì pinpin. Nígbà tó fi máa là á, Wòlíì ti ń fi aṣọ nu àtàǹpàkò rẹ̀.

Wọ́n gbé fótò wá. Ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, nínú náílọ́ọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kò láyà láti tú. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ nínú sùtánà funfun, ó dúró síwájú ògiri tí wọn ò tíì kọ́ tán, ó di ọ̀pá gbọọrọ kan mú. Ojú rẹ̀ ti ṣú, èéfín àbẹ́là ti fi náílọ́ọ̀nù náà ṣelé. Nítorí ọ̀pá yẹn ni Wòlíì ṣe ní tirẹ̀. Káfíńtà ló gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n àti gígùn kan náà.

Akínọ̀ṣọ́ da fótò dé, ẹ̀rọ ké wìì, àwòrán jáde lójú láptọ́ọ̀pù. Ìmọ́lẹ̀ kan yí orí Bàbá ká rekete.

"Ògo!" Wòlíì, ẹni tí kì í pariwo, ló pariwo. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn ìyá ìjọ ti wà lórí eékún, agogo ti ń dún, ẹnì kan ti ń rí ìran lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Akínọ̀ṣọ́ yọ́jú wo fótò gan-an. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé kó sọ. Èkejì ni pé kó pa ẹnu dé. Èkejì ló borí.

"Ẹ̀rọ mi ni o," ó ní, ó sì gbé àyà. "Ẹ̀rọ tó bá dáa, ohun tójú lásán ò rí ló máa ń rí."

Ọjọ́ kejì, Yísà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Yísà jẹ́. Fọ́kanáísà ni, òun ló ń lẹ taya ní Addo. Gbogbo àdúgbò ló sì gbà pé òun náà ló ń da ìṣó sójú títì láàárọ̀ kí iṣẹ́ má bàa wọ́n ọn lọ́sàn-án. Ó ní kí Akínọ̀ṣọ́ bá òun ṣe ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù òun. Akínọ̀ṣọ́ fi í sáàárín gíláàsì. Ẹ̀rọ ké wìì.

Ìmọ́lẹ̀ yí orí Yísà ká rekete.

"Háà! Mo ti ń sọ fún yín!" Yísà lu àyà. "Ẹ̀yin lẹ ò mọ irú ẹni tí mo jẹ́!"

Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Akínọ̀ṣọ́, tó ń ránṣọ ní ìdajì kejì ṣọ́ọ̀bù náà, dá máṣíìnì dúró. Ó wo àwòrán, ó wo Yísà, ó tún wo àwòrán.

"Akin, bí ògo bá lè bà lé Yísà, a jẹ́ pé ògo ọ̀hún ṣìnà."

"Ìyàwó ọ̀gá, kí lẹ ní mo ṣe?"

"Ìṣó, Yísà. Ìṣó."

Ó na ìka sí gíláàsì sikánà. Ìka yọ̀ ṣìnrìn. Ó gbé e símú. "Òróró nìyí! Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì."

Akínọ̀ṣọ́ jókòó gbìn. Ó rántí àtàǹpàkò Wòlíì. Wọn ò ta òróró sórí ìdérí. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n sì ta á sáàárín gíláàsì gan-an, níbi tí orí Bàbá máa wà.

"Bí mo bá lọ sọ, àpótí lọ nìyẹn," ó ní.

"Bí o ò bá sọ, àpótí á wá, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì lógo. Ọmọ jòjòló á lógo, ajá tó ń kọjá á lógo. Ṣé Yísà ò tíì tó ẹ ni?"

Yísà ní òun ò bínú, kí wọ́n ṣáà má nu tòun kúrò.

Akínọ̀ṣọ́ gbé sikánà lérí, ó gba Awoyaya lọ bí ẹni tó ń lọ gba ìjìyà. Ó kúnlẹ̀, ó rò ó látòkèdélẹ̀, kò fi ti Yísà pamọ́. Wòlíì Ọládayọ̀ gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó wò ó.

"O fẹ́ sọ fún mi pé àtàǹpàkò mi ni gbogbo ìjọ ń kọrin sí látàná?"

"Àtàǹpàkò yín ni, Wòlíì. Ẹ má bínú sí mi."

Èjìká Wòlíì kọ́kọ́ mì. Ikùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀rín jáde tán, ó fi ẹsẹ̀ sùtánà nu omijé. "Nu gíláàsì rẹ, jàre. Bàbá ò ní kí n bá òun fi nǹkan kún ògo òun." Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú náílọ́ọ̀nù kúrò lára fótò.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà náà! Fótò náà ká, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ hàn bí àárín rẹ̀ ṣe hàn. Ojú okùn aṣọ yọ. Bọ́tìnnì yọ. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà.

"Bàbá kọlà?" Wòlíì la ẹnu. "Àwa ò mọ̀ rárá!" Ibo ni wọn ì bá ti mọ̀? Àwọn tó bá Bàbá jọ́sìn ti lọ sọ́run, àfi opó rẹ̀, Ìyá Ọlábùnmí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kó wá déédéé.

Orí Akínọ̀ṣọ́ tún wú. Ó rí nǹkan dúdú kan tó nà gbalaja sórí yanrìn nísàlẹ̀ fótò, bí epo tó dànù. Ó fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ fínnífínní, ó fi yanrìn funfun dí i. "Mo ti bá yín fọ ìdọ̀tí ẹ̀ dànù," ó sọ fún Wòlíì. "Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ìyẹn."

Ọjọ́ ìrántí pé. Ilé àdúrà funfun báláú. Wọ́n gbé Ìyá Ọlábùnmí jókòó síwájú, Wòlíì dúró lápá ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ, Akínọ̀ṣọ́ dúró lápá òsì pẹ̀lú àyà gbígbé, Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fa aṣọ kúrò lójú fótò ńlá náà. Hàlélúyà sọ.

Ìyá wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Bàbá ni, Ìyá."

"Bàbá ta ni? Gbàdàmọ́sí nìyí, bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn tó bá wa kọ́lé yìí. Mùsùlùmí dáadáa ni. Sìmẹ́ǹtì ló ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ yẹn la fi yá a ní sùtánà."

Wòlíì rọra wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀pá àṣẹ yìí ńkọ́, Ìyá?"

"Igi tó fi ń wo ògiri bóyá ó tọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n, Ìyá, ọdún gbogbo lẹ ń bá fótò yìí lára ògiri!"

"Òkè lẹ gbé e sí. Èéfín bò ó. Ẹ ò sì bi mí."

Ohùn Wòlíì wálẹ̀. "Níbo wá ni Bàbá wà?"

"Òun ló ya fótò. Ó yá kámẹ́rà, ó fẹ́ dán an wò. Òjìji rẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ níbí, gbọọrọ, lórí yanrìn." Ìyá na ìka sí yanrìn funfun nini. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ó dà?"

Gbogbo ojú yí sí Akínọ̀ṣọ́. Àyà tó gbé wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìdọ̀tí ni mo pè é, mà. Mo… mo ti fọ̀ ọ́."

"O tọ́jú bíríkìlà," Ìyá ní, "o wá fọ wòlíì dànù."

Jùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni gbogbo ilé àdúrà ti gbà á, títí kan ẹni tó ríran lọ́jọ́ ògo. Wòlíì gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó pa ojú kan dé, ó wò ó bóyá ògiri náà tọ́. Ó tọ́ ṣánṣán.

"Akínọ̀ṣọ́," ó ní, "gbé àpótí náà máa lọ. Òjìji ṣì wà lára fótò kékeré, lọ gbé e padà wá fún wa. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó o bá rí nínú àpótí yẹn tó o fẹ́ fọ̀, kọ́kọ́ gbé e dé Ẹ̀pẹ́."

"Mo gbọ́, Wòlíì. Ẹ ṣé gan-an ni." Ó ti gbé àpótí lérí kí wọ́n má bàa yí ọkàn padà. "Èyí tá a gbé kọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ká sọ ọ́ kalẹ̀ ni?"

Ìyá Ọlábùnmí ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ fi í síbẹ̀. Òun náà ló kọ́ ògiri tẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí."