Èèkàn Kẹrin

Títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ ló lé Zakariyah jórinjórin kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sekona, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. Ó kó irin rẹ̀ wálé sí Ẹdẹ, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ẹ̀yìnkùlé òun tóbi tó ṣọ́ọ̀bù méjì. Ká má purọ́, Zakariyah fẹ́ràn kó máa yàwòrán ohun tó fẹ́ kọ́ ju kó kọ́ ọ lọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ló ya ti ṣọ́ọ̀bù yìí sí: ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà, ibi tí wọ́n á ti máa kun géètì, àti ilẹ̀ gbọọrọ kan láàárín. Ọ̀pá irin gùn. Jórinjórin tí kò bá ní ibi tó máa tẹ́ ẹ sí, wíńdò nìkan ni yóò máa ṣe títí ayé.

Mubarakah ìyàwó rẹ̀ wo ìwé náà. "Níbo ni mo ti máa wá sáṣọ? Ṣé orí yín ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti kú, lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀rín ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ná nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Zakariyah kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ta okùn yí wọn ká. Kó tó kírun Àsárì tán, èèkàn kẹrin, èyí tó wà nídìí ìbẹ́pẹ, ti hú. Bọ̀dá Salman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ilé iwájú, ló hú u.

"Sún un síwájú," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Má gbẹ́ ibẹ̀ yẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bọ̀dá?"

"Mo ní má gbẹ́ ẹ."

Zakariyah tún un kàn. Wọ́n tún hú u. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bí i, ẹnu rẹ̀ sì sáré ju orí rẹ̀ lọ. "Ẹ kúkú sọ ọ́ síta! Ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbà. Ẹ ti rí i pé mi ò lọ́mọ tó máa jogún mi, lẹ fi ń pín in kí n tó kú."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá.

Bọ̀dá Salman rọra jókòó sórí yanrìn pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, ó ṣí fìlà. "Zakariyah, ta ló gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà?"

Ìgbà yẹn ni Zakariyah rántí yàrá tí wọ́n ti òun àti Mubarakah mọ́, torí pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Kò béèrè rí. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibi tó jìnnà ni wọ́n gbé e lọ.

"Òjò ń rọ̀," ni Bọ̀dá Salman wí. "Ọmọ náà kéré. Mi ò lè gbé e jìnnà sílé." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò yẹ kí o mọ̀. Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́."

Zakariyah dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yanrìn, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mubarakah rí àwòrán tuntun. Ṣọ́ọ̀bù ti dín kù sí ìdajì.

"Níbo lẹ máa tẹ́ irin sí?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀."

"Ilẹ̀ tí mò ń gbá lójoojúmọ́ ló rọ̀? Bọ̀dá ló dẹ́rù bà yín." Ó ti gbé dígà. "Wọn ò ní fi ẹ̀tọ́ yín dù yín lójú mi. Bí ẹ ò bá lè gbẹ́ ẹ, èmi á gbẹ́ ẹ."

Ó dé ìdí ìbẹ́pẹ, ó gbé dígà sókè. Zakariyah sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ parọ́ pé òkúta wà níbẹ̀, pé páìpù omi gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n omijé ti ń dà lójú rẹ̀. Mubarakah wo ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó tún wo ojú rẹ̀.

Dígà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, ó gbé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Labeebah," ni ó pè é. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Apá ibo lorí rẹ̀ wà?"

Zakariyah ò mọ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti béèrè.